Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Wẹ́wẹ́

Borrow, lend

Yá kan ṣoṣo ni Yorùbá ní. “Mo yá owó lọ́wọ́ Àkàndé.” “Mo yá Àkàndé lówó.” Kò sẹ́ni tí gbólóhùn méjèèjì yìí lè rú lójú, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí yá ká ti sọ ibi tí owó gbà lọ. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà fún ẹni méjì: ẹni tó gbà ló ń borrow, ẹni tó fún un ló ń lend. Ìdí nìyí tí “Borrow me your biro” fi ń dun etí Òyìnbó. Ohun tó rọrùn jù ni kí a kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnìkejì rẹ̀: borrow from, lend to. Bí from àti to bá ti mọ́ni lára, àṣìlò náà á dópin.

Kọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Tísà kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ọmọ náà sì kọ́ ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì ní teach fún ti tísà, ó ní learn fún ti ọmọ. Àwọn ará England àtijọ́ náà máa ń lo learn fún ìkọ́ni, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò lónìí kò ní rí máàkì gbà.

Hear

Etí nìkan kọ́ ni Yorùbá fi ń gbọ́. À ń gbọ́ òórùn ẹja díndín láti ìta, à ń gbọ́ Haúsá tàbí kí a má gbọ́ ọ, ọmọ tó ya aláìgbọràn kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Hear kì í kúrò nídìí etí. “I can hear the smell” yé gbogbo ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará Leeds á ní kí o tún un sọ. Òórùn ń fẹ́ smell, èdè ń fẹ́ understand tàbí speak, àṣẹ ń fẹ́ obey.

Hear kì í sáábà gba -ing. Ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́tí ni listen, òun ló ń gba -ing. Bí a bá sì fẹ́ dárúkọ ohun tí à ń tẹ́tí sí, kì í rìn láìsí to. Bí ẹ bá rí hearing tó dá dúró nínú lẹ́tà, agbára etí ni dókítà ń sọ, tàbí ìjókòó ilé-ẹjọ́.

Run

Nínú Oxford English Dictionary lónìí, run ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n lé ní 600. Set ló wà nípò náà tẹ́lẹ̀, tí ìtumọ̀ tirẹ̀ lé ní 400 nínú ẹ̀dà 1989. Ọmọ tó mọ run sí sáré nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n. The tap is running: omi ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ. Her nose is running: ikun ń dà nímú ọmọ náà. She runs a shop: òun ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù. He is running for governor: ó ń díje fún ipò gómìnà. The colours ran: aró aṣọ náà ṣí nínú omi. We've run out of sugar: ṣúgà ti tán nílé.

Ẹni tó bá fẹ́ há 600 ìtumọ̀ sórí á dá ara rẹ̀ lágara. Ẹni tó bá run rìn ni kí a máa wò. Bí omi bá wà nítòsí, dídà ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá wà nítòsí, àbójútó ni. Bí out of bá tẹ̀ lé e, nǹkan ti tán nìyẹn.

Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. À ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ìyà, à ń jẹ èrè, àwọn kan sì ń jẹ owó ìlú. Òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá ń rí màbo lọ́wọ́ jẹ bí a ṣe ń rí i lọ́wọ́ run. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Oxford gba eat money wọlé gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà. Jẹ tiwa ló wọ ẹ̀wù Òyìnbó yẹn.

Sorry

Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀, Yorùbá á ní “Pẹ̀lẹ́ o,” bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa òkúta tó gbé onítọ̀hún ṣubú. Kò sí ẹ̀bi nínú pẹ̀lẹ́. Ẹ̀bi lè wà nínú sorry, nítorí náà ni Òyìnbó tí a kí bẹ́ẹ̀ ṣe lè dáhùn pé “It's not your fault.”

Kì í ṣe pé sorry kò lè báni kẹ́dùn. Ó lè ṣe é bí a bá fún un ní ìrù: “I'm sorry to hear that” fún ìròyìn burúkú, “I'm sorry for your loss” fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí ohùn bá gòkè lẹ́yìn rẹ̀, “Sorry?”, ohun tó túmọ̀ sí ni pé mi ò gbọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un wí. Ẹni tó fẹ́ gba àárín èrò kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù á máa sọ “Sorry, sorry” láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé sorry tún lè jẹ́ ìbúni: ilé tó bá wà in a sorry state ti di ẹgẹrẹmìtì.

Yes

“Ṣé o ò tíì jẹun ni?” Ọmọ tí kò tíì jẹun á ní “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ tí a bi í ló ń fara mọ́: bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí. Gẹ̀ẹ́sì kò ka ìbéèrè sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń wò. Bí oúnjẹ kò bá tíì kan ẹnu, No ni ìdáhùn, ọ̀nà yòówù tí wọ́n gbà béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, “You're not allergic to penicillin?” Aláìsàn tí ara rẹ̀ gba oògùn náà dáadáa dáhùn “Yes,” ó ní òun gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ ni pé oògùn náà lòdì sí i. Kí gbogbo ẹni tó wà níwájú dókítà, adájọ́ tàbí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè má fi Yes tàbí No sílẹ̀ lóun nìkan. “No, I'm not.” “Yes, I am.” Ìrù kékeré yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í gbọ́.

You

Ó ń ṣòro fún ọmọ tí a kọ́ dáadáa láti wo ojú ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kó sì sọ pé you. Ó dà bíi pé ó pè é ní ìwọ. Ìdí nìyí tí sir àti ma fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì wa: ibẹ̀ ni à ń kó ọ̀wọ̀ tí you kò rí gbé sí.

Ẹ̀rù yẹn kò nídìí. Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ àti ẹ̀yin nígbà kan rí. Thou ni wọ́n ń pe ọmọdé, ìránṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. You ni wọ́n ń pe ẹni tó juni lọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ẹlẹ́sìn Quaker ní thou làwọn yóò máa pe gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe adájọ́, wọ́n sì rí ìbínú àwọn ènìyàn ńlá nítorí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, thou ló kógbá sílé. Èyí tó kù, ẹ̀yin ni. Òyìnbó tó ń pe ajá rẹ̀ ní you, ẹ̀yin ló ń pè é, kò kàn mọ̀ ni.

Ohun tó tún ṣi àwa lọ́nà ni Bíbélì. Inú Bíbélì King James ti 1611 ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé thou, tí wọ́n fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlá ni. Ìwọ ni. Bíbélì Yorùbá náà kò pe Ọlọ́run ní ẹ̀yin.

He, she, they

Ó jáde. Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Yorùbá kò bèèrè. Bí a bá ní “Wọ́n ti jáde,” ọjọ́ orí la wò: ìyá ni, bàbá ni, tàbí àlejò pàtàkì. Gẹ̀ẹ́sì kọ ọjọ́ orí sílẹ̀, ó mú ọkùnrin àti obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé “My mother, he is in the market” kò ṣi ìyá rẹ̀ mọ̀. Èdè rẹ̀ ni kò kọ́ ọ láti máa fi ẹnu ya akọ sọ́tọ̀ lára abo.

They fún ẹnìkan ṣoṣo kì í ṣe àṣà tuntun. Ó ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹrìnlá, fún ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: “Someone left their bag.” Merriam-Webster, ilé-iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè ti Amẹ́ríkà, fi they ṣe ọ̀rọ̀ ọdún ní 2019, torí pé àwọn kan ti ń lò ó fún ẹni tí kò fẹ́ he tàbí she. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti wa ni pé they wọn kò gbé ọ̀wọ̀ kankan. Ẹni tó bá sọ fún ọ̀gá iléèwé ní Manchester pé “My father said they are coming,” ọ̀gá náà á máa retí èrò púpọ̀.

Ìwé atúmọ̀ èdè

Ní 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ẹ̀dà ńlá rẹ̀ jáde ní 1852, òwe ló pọ̀ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Crowther mọ̀ pé kí a kọ ọ̀rọ̀ kan sápá òsì, kí a kọ ìtumọ̀ sápá ọ̀tún, kò tíì tó; ó yẹ kí a rí ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn Òyìnbó tó ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Michael West, tó ti ṣe olùkọ́ ní Bengal, gbé tirẹ̀ jáde ní 1935: ó fi ọ̀rọ̀ rírọrùn 1,490 péré túmọ̀ gbogbo ìyókù, kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa ṣí ìwé wo ọ̀rọ̀ kan kó tún bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó le jù ú lọ. A. S. Hornby ń kọ́ àwọn ọmọ Japan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ ìwé wọn jáde ní Tokyo ní 1942, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Oxford tún un tẹ̀ ní 1948, ìwé yẹn ló sì di Oxford Advanced Learner's Dictionary tó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ tísà wa.

Ohun tó wúlò jù nínú ìwé Hornby ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń fò: àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. U tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ advice ń sọ pé a kì í kà á ní oókan eéjì. Yorùbá lè ní ìmọ̀ràn méjì, ẹrù mẹ́ta, àga mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì kò ní advices, luggages tàbí furnitures. Two pieces of advice ni. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yẹn kò ní nílò ẹni tí yóò bá a yọ s.

The

He is in prison: ẹlẹ́wọ̀n ni. He is in the prison: ó lè jẹ́ wọ́dà, ó lè jẹ́ pásítọ̀ tó lọ wàásù, ó lè jẹ́ ẹni tó ń tún iná ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ ló yọ ọmọlúàbí kúrò lẹ́wọ̀n. School àti church ń tẹ̀ lé òfin yìí: go to school ni ti akẹ́kọ̀ọ́, go to the school ni ti òbí tó lọ rí ọ̀gá. Hospital náà rí bẹ́ẹ̀ ní England, àmọ́ ní Amẹ́ríkà, aláìsàn fúnra rẹ̀ wà in the hospital.

Brother, cousin

Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, Yorùbá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dáyé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bá brother àti sister dọ́gba rárá. Senior brother yé wa, àmọ́ elder tàbí older brother ni wọ́n ń sọ ní England.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà ni fọ́ọ̀mù. Sibling tó wà nínú fọ́ọ̀mù físà kò kan ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, bí ẹ tilẹ̀ jọ dàgbà nínú ilé kan, tí ẹ sì jọ jẹun nínú àwo kan. Cousin ni ìyẹn. Ọbàkan àti iyèkan, half-brother tàbí half-sister ni. Ẹni tó bá kọ brother fún ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ lónìí, tó sì kọ cousin lọ́dún tó ń bọ̀, lè rí i pé aṣọ́bodè mú ìwé méjèèjì jáde.

Severally

“I have called you severally” lẹ́nu ará Nàìjíríà, àìmọye ìgbà ni. Oxford gba ìtumọ̀ yẹn wọlé ní 2020. Ní ilé-ẹjọ́ àti ní báǹkì, ìtumọ̀ àtijọ́ ló wà: lọ́kọ̀ọ̀kan. Jointly and severally tó bá wà nínú ìwé oníduúró ń sọ pé báǹkì lè di gbogbo ẹ̀yin tó fọwọ́ sí i mú pọ̀, ó sì lè di ẹnìkan ṣoṣo mú fún odindi gbèsè náà. Oníduúró mẹ́ta tí wọ́n rò pé ìdá mẹ́ta-mẹ́ta làwọn yóò san kò ka ìwé yẹn yé. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ni báǹkì ń kọ́kọ́ wá, òun ni yóò sì lọ bá àwọn yòókù fa tiwọn.

Next tomorrow

Ọ̀túnla, ọ̀rọ̀ kan. The day after tomorrow, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ní overmorrow nígbà kan, wọ́n jẹ́ kó kú. Next tomorrow tí àwa dá sílẹ̀ dí àlàfo náà, òun náà sì wọ Oxford ní 2020. Síbẹ̀, lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun, ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó gbé lọ.

Kíkà ọjọ́ gan-an ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Yorùbá ń ka òní mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni Òyìnbó á sọ pé à ń ná an. Bí ẹnìkan bá sọ lọ́jọ́ Ajé pé “in three days”, Ọjọ́bọ̀ ló ń wí, kì í ṣe Ọjọ́rú.

Well done

Òyìnbó á dúró kí iṣẹ́ parí, kó sì dára, kó tó ní well done. Ẹ kú iṣẹ́ kì í dúró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ́ náà yẹ ní kíkí. Nítorí náà, well done tí a bá sọ fún ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ní Birmingham lè dà bí ẹni pé a jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. “Hello” tàbí “Morning” ló tó. Ẹran tí iná jẹ dénú náà, well done ni.

Ẹ kú ni orúkọ tí ilẹ̀ àjèjì fi mọ̀ wá rí. Àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí a kó dé Freetown, ń kíra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní Aku. Orúkọ yẹn ni S. W. Koelle lò fún wọn nínú Polyglotta Africana tó jáde ní 1854. Títí dòní, kushɛ ni wọ́n fi ń kíni nínú Krio ní Sierra Leone, ẹ kú iṣẹ́ sì hàn kedere nínú rẹ̀.

Ohùn

Ọ̀rọ̀ tí a yá ń sọ bí etí wa ṣe gbọ́ Òyìnbó. Sílébù tó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa ń gbé e lọ sókè: tísà gòkè níwájú, kọ̀ǹpútà gòkè ní àárín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni computer ti lágbára. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi agbára ṣe, àwa fi ohùn òkè ṣe é.

Ẹ̀bùn yìí wúlò fún àwọn ọ̀rọ̀ aláwọ̀ méjì. Record tó gòkè níwájú, àkọsílẹ̀ ni; bó bá gòkè lẹ́yìn, gbígba ohùn sílẹ̀ ni. Refuse tó gòkè níwájú, pàǹtírí ni. Bó bá gòkè lẹ́yìn, kíkọ̀ ni. Object níwájú, nǹkan, lẹ́yìn, àtakò. WAEC ń bi àwọn ọmọ ní irú rẹ̀ nínú ìdánwò Oral English, wọ́n á fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù tó lágbára. Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń tẹ̀ lé e o: answer, promise àti visit kì í yí padà, ìbáà jẹ́ orúkọ tàbí ìṣe.

Ọmọ tó mọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀ síra ti ní etí tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Bó bá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun sínú ìwé rẹ̀, kó fi àmì òkè sórí sílébù tó lágbára, bó ṣe ń ṣe fún Yorùbá: récord fún ìwé àkọsílẹ̀, recórd fún iṣẹ́ ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀.